Abúlé tó wọ inú Dresden, tí orúkọ rẹ̀ ò kúrò nínú ìwé ilẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Ká ní ẹ fẹ́ ra ilé kan ní Dresden, ìlú ńlá kan ní ìlà-oòrùn Jámánì. Ẹ ti mọ orúkọ òpópónà, ẹ ti mọ nọ́ńbà ara ilé. Lójú àwọn tó ń tọ́jú ìwé ilẹ̀, ìyẹn ò tíì tó nǹkan kan. Ohun tí wọ́n fi ń dá ilẹ̀ mọ̀ ni orúkọ abúlé kan, kí nọ́ńbà ilẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Abúlé ọ̀hún sì lè ti kógbá wọlé láti ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ẹ wo máàpù yìí. Ọ̀nà mẹ́wàá ni wọ́n pín ìgboro Dresden sí fún ètò ìṣàkóso, àwọn ìletò etí ìlú mẹ́sàn-án sì ní ìgbìmọ̀ tiwọn. Ó yá, mo fẹ́ gbé máàpù kejì lé e lórí. Ṣé ẹ rí i pé àwọn ìlà náà ò bára wọn mu? Ti ilẹ̀ nìkan ni ìkejì yìí. Ègé kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Gemarkung. Ẹ bá mi ka orúkọ díẹ̀ níbẹ̀: Striesen, Pieschen, Löbtau, Cotta, Plauen, Blasewitz, Loschwitz. Gbogbo wọn ló dá dúró láyè ara wọn nígbà kan. Àárín ìlú gan-an wá ń jẹ́ Altstadt I àti Altstadt II, ìyẹn Ìlú Àtijọ́ Kìíní àti Ìlú Àtijọ́ Kejì. Ó hàn pé òṣìṣẹ́ ìjọba ló sọ wọ́n lórúkọ.

Owó orí ló fa gbogbo rẹ̀. Ní 1843, ìjọba Saxony, ìpínlẹ̀ tí Dresden wà, tó ní ọba tirẹ̀ nígbà yẹn, ṣe òfin tuntun lórí owó orí ilẹ̀. Kò sì sí bí ìjọba ṣe lè gbowó lórí ilẹ̀ tí kò mọ bó ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe lọ́ràá tó. Kí òfin náà tó jáde, àwọn sọ̀fíyọ̀ ti ń lọ láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń wọn ilẹ̀, wọ́n ń yà á sórí pépà. Abúlé tí wọ́n bá dé, orí ení ni wọ́n ti ń ka ilẹ̀ ibẹ̀. Ilẹ̀ 200 lè wà ní Striesen, kí òmíràn tún wà ní Loschwitz. Ẹni tó bá ní òun ló ni ilẹ̀ 200 ní Dresden kò tíì sọ ibi tó wà.

Nígbà tó yá, ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn mì. Striesen wọlé ní 1892, Pieschen ní 1897, Löbtau, Cotta àti Plauen ní 1903. Blasewitz àti Loschwitz, níbi táwọn olówó kọ́lé sí, kò wọlé títí di 1921. Ìgbìmọ̀ abúlé túká, àmọ́ wọ́n fi nọ́ńbà ilẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ta ló fẹ́ tún gbogbo ìwé yẹn kọ, nígbà tí ìwé ìtajà, gbèsè báńkì àti ogún ti so mọ́ wọn?

Ti Striesen ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ó ti di ara Dresden fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kí Blasewitz tó dé. Lónìí, ní ti ìṣàkóso, abẹ́ agbègbè tó ń jẹ́ Blasewitz ni Striesen wà! Ẹ wá ṣí ìwé ilẹ̀, kò bá Blasewitz dá nǹkan kan pọ̀.

Inú Gemarkung, púlọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ Flurstück. Tí wọ́n bá gé ilẹ̀ 45 sí méjì lónìí, ó di 45/1 àti 45/2, 45 fúnra rẹ̀ kúrò nílẹ̀, wọn ò sì ní fún ilẹ̀ míì. Láyé àtijọ́ ní Saxony, lẹ́tà ni wọ́n ń fi kún un, ìdí nìyẹn tí 45a fi wà káàkiri títí di òní.

Níbi tí àwa ń gbin pèrègún sí ààlà oko, òkúta ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ ní tiwọn. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ yẹ̀ ẹ́ láti fi gba ti ẹlòmíì lè fẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún jura. Ní apá Franconia, ní ìpínlẹ̀ Bavaria, ọ̀rọ̀ yìí tiẹ̀ fẹ́ dà bí awo. Àwọn èèyàn kan wà tí wọ́n ń búra fún láti máa mójú tó òkúta ààlà títí dọjọ́ ikú. Wọ́n máa ń to àmì bí àfọ́kù amọ̀ tàbí gíláàsì sábẹ́ òkúta lọ́nà tí àwọn nìkan mọ̀. Bẹ́ ẹ bá gbé òkúta kúrò lóru, àmì abẹ́ ilẹ̀ á tú yín fó. Wọn kì í sọ ọ́ fún ìyàwó wọn pàápàá.

Ní Dresden, ohun tó dán ìwé wò jù ni bọ́ǹbù oṣù kejì ọdún 1945. Àárín ìlú di àlàpà. Ìjọba kọ́múníìsì tó tẹ̀ lé e kọ́ ilé gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ sí òpópónà Prager Straße láìka ààlà àtijọ́ sí. Nígbà tí Jámánì tún di ọ̀kan ní 1990, tí òfin jẹ́ káwọn tí wọ́n gba dúkìá lọ́wọ́ wọn béèrè fún un padà, ìwé ilẹ̀ àtijọ́ di ohun àwárí.

Ìwé méjì ló wà o, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Ọ́fíìsì sọ̀fíyọ̀ ló ń tọ́jú èyí tó sọ ibi tí ilẹ̀ wà àti bó ṣe tóbi tó. Ilé ẹjọ́ ló ń tọ́jú Grundbuch, tó sọ ẹni tó ni ín àti gbèsè tó wà lórí rẹ̀. Ààlà àti nọ́ńbà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè wò wọ́n lórí fóònù yín báyìí. Tó bá wá kan orúkọ onílé, ẹ ní láti sọ ìdí tó mọ́gbọ́n dání kí ilé ẹjọ́ tó ṣí ìwé fún yín. Pé ilé náà kàn wù yín ò tó.