Wáàsí Jímọ̀: Òkété tó ń wá àdó olóró

Àṣàlámù àlékúmù wàràmọ́túlàhì wàbàràkátúhù. Ẹ̀yin ará mi, ọ̀kun o, a kú Jímọ̀, Ọlọ́hun á gba ìrun lọ́wọ́ wa.

Máágásìnì kan ló fa ọ̀rọ̀ tòní. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ka jọ́gíráfì ní Lọ́kọ́ja ló gbé e wálé ní Sátidé tó kọjá, ó ní "Bọ̀dá Áàfáà, ẹ wá wo òkété." Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Mo gbà á wò, òkété ni lóòótọ́, òkété tiwa yìí tí àwọn ọdẹ máa ń fi hàn fáwọn onímọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Kàbà sí Ọ̀bájánà (ṣé ó tọ́ ká jẹ ẹ́ àbí kò tọ́, ìyẹn di ọjọ́ míì). Wọ́n so okùn mọ́ ọn láyà, ẹnì kan di okùn mú lápá ọ̀tún, ẹnì kan lápá òsì, òun wà láàárín koríko, ó tẹ imú mọ́lẹ̀. Àdó olóró abẹ́ ilẹ̀ ló ń wá.

Wọ́n ní irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n ṣe ní Mòsáḿbíìkì. Ogun abẹ́lé jà níbẹ̀ láti 1977 títí di 1992, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn ló bá a lọ. Oṣù kẹwàá 1992 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Róòmù, àwọn ọ̀gá bọ ara wọn lọ́wọ́, sójà ń lọ sílé, wọ́n ní ogun ti parí. Ṣùgbọ́n àdó tí wọ́n ti rì sọ́nà odò, sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, sídìí òpó iná ńlá, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé wọ́n ti bọ ara wọn lọ́wọ́. Ọdún 2015 ni wọ́n tó lè kéde pé ilẹ̀ àwọn ti mọ́. Ọdún 23! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ síwèé náà ti dẹni tó ń bímọ, ó sì ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó gbé e síwájú.

Tansaníà ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn òkété náà láti kékeré. Tó bá ti gbóòórùn oògùn tó wà nínú àdó, á fi ọwọ́ ha ilẹ̀, wọ́n á fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ. Kò wúwo débi tí àdó á fi bú lábẹ́ ẹ̀, ibi tó tó pápá tẹníìsì, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló fi ń yẹ̀ ẹ́ wò tán, èèyàn tó gbé ẹ̀rọ dání lè lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀. Èyí gún mi lọ́kàn púpọ̀, nítorí àwa tá a bá fẹ́ bú ọ̀dàlẹ̀ òkété la ń pè é, òun ló wá ń fi imú tún ohun tí ọmọ Ádámà fi ọwọ́ bà jẹ́ ṣe. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ fún wa nípa ọkùnrin kan tó ń lọ lójú ọ̀nà, ó rí ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún, ó sún un kúrò, Ọlọ́hun sì torí ìyẹn forí jì í. Ẹ̀gún lásán nìyẹn o! Ẹni tó wá lọ rì í ńkọ́?

Ẹ ṣí Súrátul-Anfáàlì, áyà 25. Ọlọ́hun ní ká bẹ̀rù fítínà kan tí kò ní mọ sọ́dọ̀ àwọn tó ṣàbòsí nínú wa nìkan. Mo ti ń ka áyà yìí láti ilé kéú, àmọ́ ọjọ́ Sátidé yẹn ni mo tó mọ bó ṣe gùn tó. Nínú máágásìnì yẹn kan náà ni wọ́n ti kọ nípa erin ní igbó Gorongosa, ní Mòsáḿbíìkì níbẹ̀. Àwọn jagunjagun pa wọ́n jẹ, wọ́n ta eyín wọn, nínú erin mẹ́wàá tó wà níbẹ̀ mẹ́sàn-án àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló kú. Èyí tí kò léyín ni wọn ò torí ẹ̀ wá, òun ló ṣẹ́kù, òun ló bímọ. Ṣáájú ogun, nínú abo erin márùn-ún bí ẹyọ kan ni kì í ní eyín, lẹ́yìn ogun ó di ìdajì wọn. Ẹranko tí kò mọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan o, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n bí láìléyín.

Mi ò ní fi tiwa náà bò. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi yìí máa lọ́kọ, Nupe ló mú wá, Músílímù bíi tiwa, ó ń kírun, kò mutí. Ìyá wa àgbà sunkún ọjọ́ mẹ́ta. "Àwọn tó kó ìyá ìyá mi lọ ni ẹ fẹ́ fi ọmọ fún?" Bẹ́ẹ̀ Ìyá ò rí ogun Nupe lójú, 1897 ni agbára Bídà, olú ìlú Nupe, ti ṣẹ́, wọn ò tíì bí Ìyá. Ìtàn bí wọ́n ṣe sá gun orí òkè ni wọ́n fi fún un lọ́mú. Èmi ni mo jókòó tì í lórí ẹní, mi ò jiyàn pé wọn ò kó èèyàn, wọ́n kó wọn, a kàn ń sọ ọ́ títí tó fi ní kí ọkọ ìyàwó wá kí òun. Ọmọ tó gbé máágásìnì wá bá mi yìí, ọmọ ìgbéyàwó yẹn ni.

Ìdí nìyí tí ara mi ò fi lélẹ̀ lórí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ tó ń kiri lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ yìí, lórí ààlà oko kajú láàárín ilé méjì tí gbogbo wa mọ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ pe ọmọ ìyá ẹ̀ ní ejò. Ní Rùwáńdà, rédíò ló ń pe aládùúgbò ní aáyán, lọ́dún 1994, láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́ wọ́n pa bíi 800,000 èèyàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn àdá oko ni wọ́n fi pa wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ohùn yẹn ránṣẹ́ sẹ́lòmíì, ẹ pa á rẹ́ lórí fóònù yín kẹ́ ẹ tó dìde níbi tẹ́ ẹ jókòó sí. Bá a bá ń jà bíi ká kú kọ́. Ànábì ní àtúnṣe àárín èèyàn ga ju ààwẹ̀, ìrun àti sàárà lọ, ó ní ìbàjẹ́ àárín èèyàn ni abẹ tó ń fá ẹ̀sìn lórí ẹni.

Àwọn àgbà ilé méjèèjì ti gbà pé àwọn á wá síbi ààlà yẹn láàárọ̀ ọ̀la, lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Pásítọ̀ àdúgbò wa ń bọ̀, ọ̀kan nínú ilé yẹn ọmọ ìjọ ẹ̀ ni wọ́n, èmi náà á wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tí òkúta ààlà wà nígbà ayé àwọn baba wọn, ẹ dákun ẹ wá. Kẹ́ni kẹ́ni má mú àdá dání, ì báà jẹ́ pé oko lẹ gbà kọjá.