Bùráúsà Tó Gan Tí Kò Sì Gbà Kí A Ti Òun: Ta Ló Dì Í Mú?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn tó máa ń bá ẹbí àti ọ̀rẹ́ tún kọ̀ǹpútà ṣe nìyí. Mo ti gé àwọn àtúnsọ kúrò. Àwàdà àti èébú díẹ̀díẹ̀ tó wà níbẹ̀, mo fi í sílẹ̀, torí àwọn tí mo bú náà wà nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà.

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá, màá sì máa sọ ọ́ títí yóò fi sú yín: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó pa á. Bí bùráúsà, ìyẹn ètò tí a fi ń wo ìkànnì bíi Chrome tàbí Firefox, bá ti gan, ọwọ́ gbogbo wa ti lọ sórí X tí a fi ń ti fèrèsé nìyẹn. A tẹ̀ ẹ́, kò lọ. A tún tẹ̀ ẹ́. A fi ìbínú tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà la di ìka lé bọ́tìnnì tí a fi ń tan kọ̀ǹpútà títí ó fi kú fin-ín. Ó di ọjọ́ kejì, ó tún gan. Ẹ ò mọ ohun tó ṣe é lánàá, ẹ ò sì ní mọ̀ ọ́n lónìí, torí ẹ ti fọwọ́ ara yín nu gbogbo ẹ̀rí nù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí X yẹn. X kì í ṣe àṣẹ, ẹ̀bẹ̀ ni. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, Windows á ránṣẹ́ sí bùráúsà pé wọ́n ní kó máa palẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà á lọ tò sórí ìlà, lẹ́yìn àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tó ti wà níbẹ̀. Bùráúsà fúnra rẹ̀ ló máa mú un, tó máa kà á, tó máa ṣe é. Bí kò bá wá ráyè mú ohunkóhun lórí ìlà, ibo ló ti fẹ́ rí ẹ̀bẹ̀ tiyín? Bí fèrèsé kan bá lo ìṣẹ́jú-àáyá 5 láìmú ọ̀rọ̀ kankan, Windows á kọ Not Responding sí i lórí, ojú rẹ̀ á sì funfun báláú. Fèrèsé funfun yẹn kì í ṣe ti bùráúsà mọ́ o. Windows ló gbé àwòrán rẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ lè rí nǹkan fà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bùráúsà gan-an wà lẹ́yìn, ó ń ṣe nǹkan kan, tàbí ó ń dúró de nǹkan kan.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyẹn. Ó ń ṣe nǹkan, tàbí ó ń dúró de nǹkan. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager ṣí, kí ẹ wo òpó CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà. (Àbúrò mi tó wà lẹ́yìn yẹn, jọ̀ọ́, gbé fóònù yẹn sílẹ̀, ibi tó dùn la dé.) Bí CPU bá ga tí kò wálẹ̀, bùráúsà ń yí lójú kan ni. Ojúewé kan ti tì í sínú iṣẹ́ tí kò lópin. Bí CPU bá wà ní òdo tàbí nítòsí rẹ̀, kò sí iṣẹ́ kankan tó ń ṣe, ó ń dúró ni. Oògùn ìkínní ò ṣiṣẹ́ fún ìkejì.

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn tàn yín jẹ o. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń ka CPU 8, ẹyọ iṣẹ́ kan tó ń yí lójú kan kò lè jẹ ju ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ. Nǹkan bíi 12 nínú 100 lẹ máa rí. Àwọn tó ń retí 100 á ní "CPU kò ṣe nǹkan kan," wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dá íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́bi. Ohun tí ẹ máa wò ni bóyá nọ́ńbà náà dúró gbọnin-gbọnin. Bùráúsà tó ń ṣiṣẹ́ gidi máa ń lọ sókè sódò. Èyí tó ti há kì í kúrò lójú kan.

Ẹ tún máa rí i pé orúkọ bùráúsà kan náà wà níbẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Ẹ má pariwo fáírọ́ọ̀sì. Nígbà tí Google gbé Chrome jáde ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, lára ohun tí wọ́n fi yangàn jù ni pé táàbù kọ̀ọ̀kan lè ní process tirẹ̀ (ẹyọ ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀), kí ọ̀kan má fa ìyókù ṣubú. Firefox bẹ̀rẹ̀ sí í pín irú ètò bẹ́ẹ̀ fún àwọn èèyàn ní ọdún 2016. Nígbà tí àṣírí àbùkù inú CPU tí wọ́n ń pè ní Spectre tú ní 2018, Chrome tún pín wọn sí i, kí ìkànnì kan má baà yọjú wo ti ẹlòmíì nínú process kan náà. Èyí tó ń darí fèrèsé àti mẹ́nù ni mo máa ń pè ní process ìyá, àwọn táàbù sì ni ọmọ.

Kí ló dé tí ojúewé kan fi lè gan tí ìyókù ń lọ? Nítorí JavaScript ni, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù ojúewé, tí Brendan Eich kọ àkọ́kọ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ 10 ní oṣù Karùn-ún ọdún 1995. Ẹ rántí, ọjọ́ mẹ́wàá o, gbogbo ayé ló sì ń gbé orí rẹ̀ lónìí! (ẹ̀rín) Lójúewé kan, nǹkan kan náà ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan. Kóòdù ojúewé, bọ́tìnnì tí ẹ tẹ̀ àti lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ sínú àpótí, gbogbo wọn ń gba orí ìlà kan ṣoṣo. Bí kóòdù bá ti wọ inú yíyípo tí kò lópin, bọ́tìnnì yín ò ní dé iwájú láéláé. Nígbà náà ni bùráúsà máa bi yín bóyá kẹ́ ẹ dúró tàbí kẹ́ ẹ pa ojúewé náà. Ẹ bọ́ sórí táàbù mìíràn ná. Bí ìyẹn bá ń ṣiṣẹ́, ara ìyá le, ọmọ kan ló ṣàìsàn. Ẹ tẹ Shift àti Esc pọ̀ nínú Chrome tàbí Edge, tàbí kí ẹ kọ about:processes síbi tí à ń kọ àdírẹ́sì sí nínú Firefox, ẹ wá èyí tó ń jẹ CPU, ẹ pa òun nìkan. Kò sídìí tí ẹ fi máa pa ogún táàbù torí ẹyọ kan. Bí mẹ́nù fúnra rẹ̀ kò bá ṣí, ìyá ló wà nínú ìdààmú, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń le.

Ibi tí mo ti máa ń bá àwọn kan jà la dé yìí. Mo pè wọ́n ní Ìjọ Yọ-Ọ́-Kí-O-Tún-Un-Fi-Sí-I. (ẹ̀rín, ẹnì kan ní ìjókòó iwájú nawọ́ sókè pé òun jẹ́ ọmọ ìjọ) Ẹ káàbọ̀, sà. Ìṣòro yòówù kí ẹ gbé tọ̀ wọ́n lọ, uninstall ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ yọ? Ètò nìkan lẹ yọ. Bookmark, password, extension (àwọn àfikún tí ẹ so mọ́ bùráúsà), ìtàn ibi tí ẹ ti lọ, àkọsílẹ̀ táàbù tó ṣí sílẹ̀, inú prófáìlì ni gbogbo wọn wà, fódà ọ̀tọ̀ sì ni prófáìlì. Lórí Windows, ti Chrome wà nínú AppData\Local, lábẹ́ Google\Chrome\User Data. Ti Firefox wà nínú AppData\Roaming, lábẹ́ Mozilla\Firefox\Profiles. Àyàfi tí ẹ bá dìídì ní kó pa á rẹ́, uninstall máa ń fi í sílẹ̀. Ẹ wá fi bùráúsà tuntun sórí prófáìlì àtijọ́, extension tó ń dì í mú sì wà níbẹ̀. Ẹ ti pààrọ̀ ilẹ̀kùn, olè wà nínú yàrá. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o.

Ó tún ku èyí tó máa ń ti, ṣùgbọ́n tí kì í kú tán. Fèrèsé ti lọ, ẹ wo Task Manager, ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ rọra ṣe. Nígbà tí bùráúsà bá ń palẹ̀ mọ́, ó ní ohun tó ń kọ sílẹ̀: ìtàn, táàbù, ààtò. Firefox ń kó ìtàn sínú fáìlì places.sqlite. Bí ẹ bá pa á láàárín ìkọ̀wé, ó lè jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá tún ṣí i ni wàhálà tuntun máa bẹ̀rẹ̀. Firefox fúnra rẹ̀ máa ń fún àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú kan láti palẹ̀ mọ́. Bí ẹ̀ka kan bá kọ̀, á mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú, á sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún yín nínú about:crashes. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan náà kí ẹ tó mú idà. Kì í sì í ṣe gbogbo èyí tó ṣẹ́ kù ló ń ṣàìsàn. Ààtò kan wà nínú Chrome tó ń jẹ́ kí àwọn áàpù rẹ̀ máa bá iṣẹ́ lọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fèrèsé. Edge ní Startup boost. Ẹ lọ pa wọ́n níbi ààtò System tí ẹ kò bá fẹ́ wọn.

Ìkìlọ̀ pé Firefox ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n kò dáhùn ńkọ́? Fáìlì tó ń ti prófáìlì pa bí àgádágodo ló fa ìyẹn: parent.lock lórí Windows, SingletonLock fún Chrome lórí Linux. Ìdí tí wọ́n fi wà ni kí bùráúsà méjì má kọ nǹkan sínú prófáìlì kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wò ó dáadáa pé kò sí process kankan tó kù kí ẹ tó fọwọ́ kàn wọ́n...

Ibí yìí ni màmá kan ti dìde láàárín gbọ̀ngàn.

"Ẹ ṣeun, sà. Gbogbo èyí tí ẹ sọ, mo ti ṣe é. Mo tẹ End task, kò lọ. Ó tó ìṣẹ́jú bíi mẹ́rin kó tó lọ fúnra rẹ̀. Tí ó bá ti gan báyìí, Word náà á gan, fódà náà ò ní ṣí."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà. CPU ńkọ́?" Wọ́n ní òdo ni. "Dísìkì ńkọ́?" Wọ́n ní, "Ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ó máa ń pọ́n."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbàgbé bùráúsà. Mo ní ohun púpọ̀ láti sọ nípa extension, ó di ọjọ́ mìíràn. Ètò tí ẹ ti pa kò lè kúrò nílẹ̀ tí ohun tó ní kí dísìkì bá òun gbé wá kò bá tíì dé. Lórí Linux, ẹ máa rí lẹ́tà D lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, kill -9, àṣẹ tó ń fipá pa ètò, pàápàá ò ní ràn án. Windows náà kò lè mú un kúrò tán títí dísìkì á fi dáhùn. Màmá ti sọ èyí tó já sí òótọ́ jù: Word náà gan. Tí nǹkan mìíràn bá ń bá bùráúsà gan pọ̀, ẹ yéé fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ lọ sí Performance nínú Task Manager, ẹ tẹ Disk. Ẹ wo nǹkan méjì pọ̀: iye tó ń kà tó sì ń kọ, àti Average response time. Bí RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí, bá ti kún, tí dísìkì sì ń kọ, tó ń kà kíkankíkan, ńṣe ni Windows ń kó ohun tí RAM kò gbà lọ sórí dísìkì. Táàbù pọ̀ jù, ẹ dín in kù. Àmọ́ bí RAM bá ṣì ní àyè, tí dísìkì wà ní 100, tí ohun tó ń kà kò ju kílóbáìtì díẹ̀ lọ, tí ìdáhùn kan wá ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìlísẹ́kọ́ńdì, dísìkì náà ló ń kú lọ. Ẹ kó fáìlì yín kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó ṣe àyẹ̀wò SMART (àkọsílẹ̀ tí dísìkì ń kọ nípa ìlera ara rẹ̀), kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Màmá, tẹ́ ẹ bá délé lónìí, ẹ kó àwòrán àti ìwé yín kúrò ṣáájú ohun gbogbo, ẹ jọ̀ọ́.

(Arákùnrin kan ní ẹ̀gbẹ́ ògiri béèrè bóyá kì í wá í ṣe RAM ni gbogbo rẹ̀.) Rárá. RAM ni ìdáhùn ẹni tí kò tíì wo nǹkan kan. Ẹ rà á tán, kóòdù tó ń yípo á máa yípo nínú RAM tó fẹ̀.

Ẹni tó ń darí ètò ti ń fi aago hàn mí. Ẹ jẹ́ kí n sáré. Kí ẹ tó dá extension lẹ́bi, ẹ lo Troubleshoot Mode nínú Firefox, ó wà lábẹ́ Help. Nínú Chrome, ẹ ṣí fèrèsé incognito (ti ìkọ̀kọ̀), extension kì í wọ ibẹ̀ àyàfi tí ẹ bá gbà á láyè. Bí ìyẹn bá yanjú rẹ̀, ẹ máa tan extension lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá yanjú rẹ̀, ẹ ṣẹ̀dá prófáìlì tuntun kí ẹ fi dán an wò, ẹ má tíì pa ti àtijọ́. Bó bá jẹ́ ìgbà tí fídíò ń lọ ló máa ń gan, ẹ pa hardware acceleration (ààtò tó ń gbé iṣẹ́ àwòrán fún káàdì àwòrán), ẹ tún bùráúsà ṣí, ẹ sì wá dírafà tuntun fún káàdì àwòrán. Bó bá ń gan gẹ́rẹ́ tó bá ti ṣí, táàbù àná ló ń dá padà: ẹ gé íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó ṣí i, kí ẹ ti táàbù náà kó tó rí nǹkan kó wọlé. Lórí Mac, Command, Option àti Esc lẹ máa tẹ̀ pọ̀ láti fipá pa á. Lórí Linux, kill lásán ní í ṣáájú, torí ẹ̀bẹ̀ ni àmì 15 tí òun ń fi ránṣẹ́, ìpànìyàn sì ni 9.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn: "Lórí fóònù ńkọ́, sà?" Lórí Android, kí ẹ fi ìka gbá a kúrò lójú kò túmọ̀ sí pé ó ti kú. Ẹ lọ sí Settings, Apps, ẹ mú bùráúsà náà, ẹ tẹ Force stop. Ẹ lè tẹ Clear cache níbẹ̀ láìbẹ̀rù. Èyí tó ń jẹ́ Clear storage tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ tí ohun tí ẹ kó sínú bùráúsà kò bá ti wà níbòmíì, torí ó máa kó o lọ.