Ta Ló Ń Mi Ọkọ̀? Bí A Ṣe Ń Ṣàlàyé Ìrìn Ọkọ̀ Ojú Omi àti Agbára Tó Ń Bà Lé E fún Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin olùkọ́ mi, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ẹ péjọ sí ìlú Ìbàdàn lónìí, mo kí yín. Òkun jìnnà sí wa níbí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dúró létí adágún Ẹlẹ́yẹlé, tó wo apẹja nígbà tó dìde nínú ọkọ̀ rẹ̀ láti ju àwọ̀n, ti rí ìdí ọ̀rọ̀ tí mo bá wá. Ọkọ̀ náà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nítorí ìwúwo ọkùnrin náà, ó sì ń lọ sókè sódò nítorí omi. Ohun méjì ló ń mì ín lẹ́ẹ̀kan náà, ojú kò sì lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. Kọ̀ǹpútà ní láti yà wọ́n, àwa la ó sì sọ fún un bí yóò ṣe yà wọ́n.

Ọ̀nà mẹ́fà ni ọkọ̀ lè gbà mì: ó lè lọ síwájú sẹ́yìn, ó lè sún sí ẹ̀gbẹ́, ó lè gòkè kí ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún lè fì sọ́tùn-ún sósì, ó lè tẹ imú bọ omi kí ó sì gbé e sókè, ó sì lè yí imú sí ìhà mìíràn. Ohun àkọ́kọ́ tí sọ́fítíwíà fẹ́ mọ̀ ni bóyá àwa fúnra wa la ó pàṣẹ ìrìn wọ̀nyí, tàbí a ó kàn ka agbára tó ń bà lé ọkọ̀ fún un, kí òun fúnra rẹ̀ ṣírò ibi tí wọn yóò gbé ọkọ̀ dé. Nínú OrcaFlex, sọ́fítíwíà tí ilé-iṣẹ́ Orcina ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe láti fi ṣírò ìrìn ọkọ̀ àti okùn rẹ̀ lójú omi, ipele méjì ni ìrìn náà ní. Ìrìn ìpìlẹ̀ wà, tí a lè pàṣẹ, tí a lè kà láti inú àkọsílẹ̀, tàbí tí a lè ní kí ó ṣírò; ìrìn mìíràn tún wà tí a ń gbé lé ti ìpìlẹ̀ lórí, irú èyí tí ìgbì ń fà.

Àwọn àgbà ní adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Bí a bá pàṣẹ ìrìn fún ọkọ̀, okùn tó so mọ́ ọn nìkan ni ara rẹ̀ kò ní rọ̀: yóò máa le, yóò máa dẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní lè fa ọkọ̀ padà, nítorí a ti sọ ibi tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo ìgbà. Èyí kò burú bí ó bá jẹ́ páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó rọ̀ mọ́ ọkọ̀ ńlá là ń yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n nípa irú ọkọ̀ Bonga, ọkọ̀ ńlá tó ti ń gba epo rọ̀bì lójú òkun Nàìjíríà láti 2005 lórí omi tó jìn tó nǹkan bí mítà 1,000, okùn ìdákọ̀ró ló mú un dúró síbẹ̀, ìṣirò tí ara adìyẹ bá rọ̀ nínú rẹ̀ kò sì bá òtítọ́ mu.

Ìrìn tí ìgbì ń fà wà nínú tábìlì tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní RAO. Tábìlì náà ń sọ iye mítà tí ọkọ̀ yóò gòkè fún mítà kan ìgbì, àti bí ó ṣe pẹ́ tó lẹ́yìn tí ṣóńṣó ìgbì kọjá kí ọkọ̀ tó dé òkè. Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí àṣìṣe jù. Ká ní tábìlì kọ 0.8, tí ìgbì sì ga ní mítà 4 láti ìsàlẹ̀ kòtò rẹ̀ dé ṣóńṣó. Láti ojú omi tó tẹ́jú ni a ń wọn ìgbì fún tábìlì yìí, nítorí náà mítà 2 ni a ó fi ṣe ìlọ́po, ọkọ̀ yóò sì gòkè ní mítà 1.6. Ẹni tó bá fi 4 ṣe ìlọ́po yóò rí 3.2, kọ̀ǹpútà kò sì ní bá a jiyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àkókò: àwọn kan ń ka bí ọkọ̀ ṣe pẹ́ lẹ́yìn ìgbì tó, àwọn mìíràn ń ka bí ó ṣe ṣáájú ìgbì tó, bí a bá sì gbé ti ẹnìkan sínú ti ẹlòmíràn, imú ọkọ̀ yóò máa wọlẹ̀ nígbà tó yẹ kí ó máa dìde. Ẹ tún béèrè ibi tí wọ́n ti wọn ìrìn náà lára ọkọ̀, torí ìrìn ìdí ọkọ̀ yàtọ̀ sí ti àárín.

Ní ti agbára tí a ń gbé lé ọkọ̀, oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan dojú kọ ìhà kan náà láyé, bí ọkọ̀ tilẹ̀ yí. Èkejì ń bá ọkọ̀ yí, bí ẹ̀rọ tí wọ́n dè mọ́ ìdí rẹ̀ láti máa tì í. Bí a bá gbé agbára 400 kN (kílónútìnì, òṣùwọ̀n agbára) sí ibi tó fi mítà 90 jìnnà sí àárín ọkọ̀, tó sì ń tì í sí ẹ̀gbẹ́, sọ́fítíwíà fúnra rẹ̀ yóò ṣírò agbára ìyípo 36,000 kN·m; kí ẹnikẹ́ni má tún kọ ọ́ lọ́wọ́. Mi ò gbà kí a fi agbára tí kì í yí padà rọ́pò atẹ́gùn. Lójú òkun tiwa, ìjì òjò lè dé láti ìlà-oòrùn kí ó sì yí ìhà padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí eré atẹ́gùn bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin, bí ọkọ̀ bá sì yí, gbogbo rẹ̀ tún yí. Àkọsílẹ̀ eré àti ìhà atẹ́gùn ni kí a fún un.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo ní kí kọ̀ǹpútà ṣírò ìrìn ọkọ̀ kan láti inú agbára ìgbì, mo sì tún gbé tábìlì RAO lé e lórí. Ìgbì kan ṣoṣo ń mi ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Okùn ìdákọ̀ró le débi pé mo ti ń dábàá èyí tó nípọn jù ú lọ. Ọ̀gá mi kò wo okùn rárá. Ó ní kí n pa ìgbì rẹ́, kí n wò ó bóyá ọkọ̀ yóò dúró jẹ́ẹ́ lórí omi tó pa rọ́rọ́. Ó dúró. Ó wá ní kí n fi ìgbì kékeré tó gùn gan-an sí i, èyí tó yẹ kí ọkọ̀ bá gòkè ní ìwọ̀n kan náà, bí igbá tó léfòó. Ọkọ̀ mi gòkè ní ìlọ́po méjì. Mo yọ tábìlì náà kúrò, mo tún un ṣe, ọkọ̀ àti ìgbì sì jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ̀.