Ilẹ̀ Ni Kí Ẹ Wò: Ọkọ̀ Ojú Irin Akẹ́rù Láàárín Ìgboro
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ti Iléṣà wá, ẹ kú ìjókòó. Ní La Grange, ní ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà, irin ilé-iṣẹ́ rélùwéè CSX la àárín títì Main Street já: ṣọ́ọ̀bù lọ́tùn-ún, ṣọ́ọ̀bù lósì, ọkọ̀ akẹ́rù láàárín. Ní Oakland, ní California, ti ilé-iṣẹ́ Union Pacific ń gba títì Embarcadero West kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jack London Square. Àwọn tó ń lọ wòran níbẹ̀ a máa ya fọ́tò ẹ́ńjìnnì, bó bá ti kọjá, wọ́n á ki fóònù bọ àpò. Wọn ò tíì rí nǹkan kan. Ilẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ní Amẹ́ríkà níbẹ̀, irin kan jìnnà sí èkejì ní mílímítà 1,435. Kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ ní ètè ní ìhà inú, ó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5, ètè yìí ni kì í jẹ́ kó yẹ̀ lórí irin. Nínú igbó, àyè ṣí sílẹ̀ fún un. Ní ìgboro, ọ̀dà ti bo gbogbo ibẹ̀, kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló kù fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin. Yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti ìdérí ìgò á máa kó sínú kòtò náà. Bí wọ́n bá dì í pa tó le gbagidi, ètè á gùn ún, kẹ̀kẹ́ á sì gbéra kúrò lórí irin.

Omi tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ráyè ṣàn lọ; ìdí pákó tó gbé irin ló ń dúró sí. Pákó á jẹrà, ìṣó á tú, irin méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í ya kúrò lára wọn, kò sì sẹ́ni tó máa rí i nítorí ọ̀dà. Ẹ wo etí irin dáadáa. Bí ọ̀dà bá sán lọ gbọọrọ, tí omi ẹrẹ̀ sì ń tú jáde bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ìsàlẹ̀ ti bàjẹ́. Èyí wà lára ohun tó ń mú kí ọkọ̀ máa rọra rìn nígboro. Kì í ṣe tìtorí ẹlẹ́sẹ̀ nìkan. Àwọn tó ń ní kí wọ́n sáà da ọ̀dà tuntun lé e, aṣọ funfun ni wọ́n ń dà bo egbò.

Ẹ wo sípíríǹgì tó wà láàárín kẹ̀kẹ́ wágọ́nù, ìyẹn ọ̀kọ̀ọ̀kan ọkọ̀ ẹrù tí ẹ́ńjìnnì ń fà. Bó bá fún pọ̀, ẹrù wà nínú wágọ́nù. Bó bá là gbàgà, òfo ni. Wágọ́nù ọkà tó kún lè wọn tọ́ọ̀nù 130.

Ibi tí a dé nìyí tí bàbá kan láti Ìrèmọ fi nawọ́: “Rélùwéè ò kan Ifẹ̀, kò kan Iléṣà. Òṣogbo ló gbà. Ṣé irú èyí ti wà rí nílẹ̀ tiwa?”

Bàbá mi, ẹ ṣeun, ó ti wà rí. Ní 1902, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Ìddó, ó gba orí afárá Carter wọ ìgboro Erékùṣù Èkó. Mílímítà 762 ni fífẹ̀ ojú irin rẹ̀. Ti rélùwéè ńlá tó dé Òṣogbo ní 1907 jẹ́ 1,067. Ọkọ̀ kékeré yẹn kọ́kọ́ gbé èrò. Nígbà tí ti èrò dúró, ìgbẹ́ ìlú ló ń kó títí di 1933. Ọkọ̀ akẹ́rù gidi nìyẹn, ìlú kò sì lè ṣe kó má kó ẹrù ọ̀hún. Ẹni tó bá sì ti rí àwọn tó ń pàtẹ ọjà sórí irin ní Èkó ti mọ ibi tí yanrìn àti pàǹtí inú kòtò ti ń wá.

Àkókò ti lọ, mo máa gé ìyókù kúrú. Wágọ́nù fẹ̀ tó mítà 3.2, ó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 90 yọ síta kọjá irin ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Níbi tí irin bá ti tẹ̀, àárín rẹ̀ á tún wọnú sí i, orí àti ìdí rẹ̀ á jù síta. Nítorí náà, ẹ dúró jìnnà. Ẹ má gba àárín wágọ́nù tó dúró kọjá láé: bí ẹ́ńjìnnì bá fà, àyè tó wà nínú ìsopọ̀ wọn á máa já gbà-gbà-gbà láti iwájú dé ẹ̀yìn, tiyín lè fò láìjẹ́ pé ẹ gbọ́ fèrè. Ní Oakland, irin méjì ló wà lójú títì kan náà. Bí wágọ́nù tó kẹ́yìn bá ti kọjá, ẹ kọ́kọ́ wo irin kejì kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀.