Télọ̀ Ló Ṣáájú Alágbẹ̀dẹ: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣe Ihámọ́ra fún Ìjà Àfarawé Ayé Àtijọ́

Ẹ kú ìjókòó o. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ihámọ́ra àwọn jagunjagun Yúróòpù àtijọ́, àti bí àwọn tó ń fi í jà lóde òní ṣe ń ṣe é. Mo rí i pé àṣíborí orí tábìlì yìí ni gbogbo yín ń wò látìgbà tẹ́ ẹ ti wọlé. Ẹ fi í sílẹ̀ ná. Aṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó dà bíi bẹ́ẹ̀dì tí eku jẹ, òun gan-an lọ̀gá. (Ẹ̀rín.)

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá, màá sì tún un sọ títí á fi sú yín: ẹni tó bá fẹ́ wọ irin jà, ilé télọ̀ ni kó kọ́kọ́ yà kó tó dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà nínú gbọ̀ngàn yìí tó ti ra ìgbàyà irin kí wọ́n tó ní ẹ̀wù abẹ́. Mi ò ní dárúkọ. Bí wọ́n bá bọ́ṣọ, ẹ ó rí àmì rẹ̀ léjìká wọn.

Ìjà tá à ń sọ yìí kì í ṣe oríṣi kan. Àwọn kan ń ṣe àfihàn ogun àtijọ́ fáwọn òǹwòran, bíi ti Hastings àti Tewkesbury ní England. Irin ni idà wọn, etí rẹ̀ ti kú, wọ́n sì ń fa ọwọ́ sẹ́yìn kó tó ba ara. Àwọn kejì ni Society for Creative Anachronism, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Berkeley, California, lọ́dún 1966. Igi ráátàn tí wọ́n fi ń ṣe àga kéènì ni idà tiwọn, ó nípọn tó mílímítà 32, ṣùgbọ́n wọn kì í fa ọwọ́ sẹ́yìn. Àwọn kẹta ni àwọn oní-buhurt: idà irin, àáké irin, gbogbo agbára. Páànù mílímítà 1.2 lè gbé àwọn àkọ́kọ́. Òfin àwọn kejì ní àṣíborí kò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ ju mílímítà 1.6 lọ, ìyẹn géèjì 16. Fún buhurt, àṣíborí irin rírọ̀ tí kò bá tó mílímítà 2, ẹ fi gbin òdòdó.

Ó yá, aṣọ. Bí idà bá ba ẹ̀wù olóòrùka, ìyẹn ẹ̀wù tí wọ́n fi òrùka irin kéékèèké há mọ́ra ṣe, òrùka ò ní jẹ́ kó gé ẹran ara. Ṣùgbọ́n òrùka rọ̀, ó ń tẹ̀lé ìlù náà wọlé ni, egungun ló máa gba ìyókù. Awo irin sàn jù bẹ́ẹ̀ torí ó ń tan ìlù náà káàkiri. Síbẹ̀, bí awo bá lẹ̀ mọ́ ara, ohun tó tàn ká náà á bá egungun ìhà níbẹ̀. Aṣọ tó wà láàárín ló ń fa ìlù náà gùn, tí kì í fi í dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó ti gbá ògiri lẹ́ṣẹ̀ẹ́ rí, tó sì ti gbá àpò ìrẹsì, mọ ìyàtọ̀ ibẹ̀.

Àwọn kan á ní àwọn ti ki fóòmù sábẹ́ ẹ̀. Irú fóòmù wo? Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka kan tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bí ìka méjèèjì bá ti ń gbúròó ara wọn, fóòmù tìmùtìmù nìyẹn. Bí ìlù bá dé, á pẹlẹbẹ bíi bébà, àfi bíi pé kò sí níbẹ̀. Èyí tó dáa ni fóòmù dídì tí omi kì í wọ̀, irú tí wọ́n fi ń ṣe ẹní tí wọ́n ń tẹ́ sínú àgọ́. Nínú àṣíborí, ó kéré tán, mílímítà 12.

Ẹ̀wù abẹ́ tí àwọn òyìnbó ń pè ní gambeson, aṣọ ọ̀gbọ̀ ló dára jù fún un. Òwú gidi ló tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ pé awo irin ló máa wà lókè rẹ̀, ìpele mẹ́rin sí mẹ́jọ tó. Bó bá jẹ́ òun nìkan lẹ fẹ́ wọ̀, ẹ gbọ́ àṣẹ tó jáde lábẹ́ Louis XI tó jọba ní Faransé láti 1461 sí 1483: ìpele 25 tàbí 30, kí awọ àgbọ̀nrín sì bò ó. Ó tiẹ̀ fi kún un pé aṣọ tó ti gbó díẹ̀ ló dára jù, torí ó ti rọ̀. Àwọn ẹlẹ́ṣin Borno àti Sókótó náà mọ ọgbọ́n yìí. Lìfídì tí wọ́n ń fi bo ẹṣin, aṣọ tí wọ́n ki òwú igi àràbà sí ni. Ẹni tó bá ti wo Durbar rí ti rí ọmọ ìyá gambeson.

Ẹ fọ aṣọ náà kẹ́ ẹ tó gé e, torí ọ̀gbọ̀ máa ń súnkì. Ẹ wọn àyà, kẹ́ ẹ wá fi bí ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un, torí ìlà ìránṣọ kọ̀ọ̀kan ń jẹ díẹ̀ nínú fífẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò bá fi kún un á rán ẹ̀wù ọmọ rẹ̀. Láti òkè wá sílẹ̀ ni ìlà ń lọ, sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin sí márùn-ún síra wọn, àárín lẹ ó sì ti bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó máa lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti etí kan, ìpele òkè á máa yọ̀ lórí tìsàlẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi máa dé etí kejì, ó ti wọ́.

Ìhò apá ni ọ̀pọ̀ télọ̀ ti ń gbé e sọnù. Télọ̀ wa mọ dàńṣíkí: ìhò apá ń fẹ̀, ó ń rọ̀ sílẹ̀, atẹ́gùn ń wọlé. Ẹ gbé ọwọ́ yín sókè nínú dàńṣíkí kẹ́ ẹ wò ó, gbogbo ẹ̀wù náà ló máa bá ọwọ́ gòkè. Bí irin bá wà lórí ẹ̀wù ńkọ́? Á gòkè pẹ̀lú, etí ìgbàyà á sì kan yín lọ́fun. Ẹ̀wù Charles de Blois, ìjòyè ará Faransé kan tó kú lójú ogun Auray lọ́dún 1364, ṣì wà ní Lyon ní Faransé dòní. Bí wọ́n ṣe gé apá rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní grande assiette: orí apá aṣọ náà fẹ̀, ó wọnú àyà, ó wọnú ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n abẹ́ abíyá gòkè, ó fún mọ́ ibẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Ọwọ́ gòkè, ara aṣọ dúró sójú kan. Bí télọ̀ yín bá ní òun ò rí irú ẹ̀ rí, kó fi aṣọ tí kò wọ́n dán an wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó gé ọ̀gbọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìbàdí ló kàn. Ihámọ́ra awo láti orí dé ẹsẹ̀ sábà máa ń wọ̀n tó kílò 15 sí 25. Àwọn tó ń sọ pé kéréènì ni wọ́n fi ń gbé jagunjagun sórí ẹṣin, ẹ bá mi kí wọn. Wọn ò tíì wọ ìhámọ́ra tó bá ara mu rí. Bí ìwọ̀n yẹn bá gbé èjìká nìkan, ọrùn á kú kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀wù abẹ́ bá fún ní ìbàdí, tí ẹ sì so irin itan àti irin ojúgun mọ́ ọn, egungun ìbàdí á gbé e bí abiyamọ ṣe ń gbọ́mọ pọ̀n. Dáfídì tó bọ́ ihámọ́ra Sọ́ọ̀lù sílẹ̀, ìgbàgbọ́ ni wọ́n ń fi wàásù. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ télọ̀ ni. Wọn ò wọn ọmọ náà. (Ẹ̀rín.)

Ìgbàyà pàápàá, ibi tí ikùn ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù ló gbọ́dọ̀ parí sí, lókè egungun ìbàdí. Kò gbọdọ̀ dé ibi tẹ́ ẹ ń de bẹ́líìtì ṣòkòtò. Ẹ lọ sí Wallace Collection, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní London, ọ̀fẹ́ ni, ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe kúrú tó. Ti ọjà òde òní ń gùn dé ìdí. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ síwájú, etí ìsàlẹ̀ á ti itan, tòkè á ti àgbọ̀n.

Ó dáa, irin. Mo ti lo ju ìdajì àkókò mi lọ lórí aṣọ, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ibi tí ẹ kò bá bò ni ìlù ń lọ. Ẹ wo àwọn agbárí tí wọ́n hú jáde ní Towton, ojú ogun àtijọ́ kan ní England, bí ọgbẹ́ ṣe kún orí wọn. Ẹ tún wo ti Visby, ìlú kan ní erékùṣù Gotland, ní Sweden. Ní ọjọ́ 27 oṣù Keje 1361, ọmọ ogun Valdemar ọba Denmark pa àwọn àgbẹ̀ Gotland lẹ́yìn ògiri ìlú náà, wọ́n sì sin ọ̀pọ̀ nínú wọn pẹ̀lú ihámọ́ra lára. Òkú tó lé ní 1,100 ni wọ́n hú jáde. Àyà wọn ní awo irin tí wọ́n fi ríbẹ́ẹ̀tì kàn mọ́ abẹ́ aṣọ tàbí awọ (ẹ gbọ́ o, abẹ́ aṣọ), ṣùgbọ́n ojúgun ni ọgbẹ́ pọ̀ sí jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ máa ra irin ẹsẹ̀ bówó bá yọ, ẹ gbọ́?

Irin orúnkún ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Páànù irin rírọ̀ mílímítà 1.6. Ẹ má gbé páànù òrùlé: síǹkì ló wà lára rẹ̀, bó bá kan iná, èéfín rẹ̀ ń fa ibà àti èébì. Ẹ gé àwòrán rẹ̀ sára páálí, ẹ so páálí náà mọ́ orúnkún, ẹ ká ẹsẹ̀ kò dáadáa, kẹ́ ẹ tó gé irin. Ẹ gbẹ́ ihò sórí ìtì igi, fífẹ̀ rẹ̀ bí àwo ọbẹ̀, jíjìn rẹ̀ bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Òòlù tí orí rẹ̀ rí roboto lẹ ó fi lù ú, láti ẹ̀bá etí yípo wọ àárín. Etí á máa ká bí etí ìkòkò tó fẹ́ fọ́. Ẹ má jẹ́ kó ká lé ara rẹ̀. Bó bá ti gbé òkè, ẹ lù ú tẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bó bá wọ́ lé ara rẹ̀ tẹ́ ẹ tún lù ú, ibẹ̀ ló máa là sí. Bí irin bá ti ń le, tó ń dún ṣánṣán, ẹ fi iná sí i títí á fi pọ́n, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀.

Àwọn awẹ́ kékeré tó wà lókè àti nísàlẹ̀ orúnkún, bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi so wọ́n. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ jókòó, ẹ dìde, ẹ kúnlẹ̀. Ìgbà tí kò bá há mọ́ lẹ tó fi ríbẹ́ẹ̀tì sí i. Kí ìdí ríbẹ́ẹ̀tì yọ jáde ní ìwọ̀n fífẹ̀ ara rẹ̀, tàbí ká fi ìdajì lé e: bó bá gùn jù, á wọ́, bó bá kúrú, á já lójú ìjà. Fún ríbẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó máa yí, ẹ fi páálí tín-ín-rín sáàárín awẹ́ méjèèjì kẹ́ ẹ tó lù ú. Bẹ́ ẹ bá lù ú tán, ẹ fa páálí yọ. Àyè tó fi sílẹ̀ ni oríkèé á máa fi ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò fi páálí sí i á máa rìn bí ẹni tó kan igi mọ́ orúnkún.

Mo fẹ́ bọ́ sórí irin tó ní kábọ́ọ̀nù, ni arábìnrin kan lẹ́yìn bá nawọ́: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Látàárọ̀ lẹ ti ń ki aṣọ mọ́ wa lára. Ooru ńkọ́?”

Ìbéèrè yẹn gba ìyókù àkókò mi, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2011, àwọn onímọ̀ ní University of Leeds gbé àwọn ọkùnrin tó wọ ihámọ́ra awo sórí ẹ̀rọ ìrìn. Agbára tí wọ́n ná láti rìn ju ìlọ́po méjì tẹni tí kò wọ̀ ọ́ lọ. Ìdí méjì ni: irin tó wà lẹ́sẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń gbé sókè ní gbogbo ìṣísẹ̀, àti pé ìgbàyà ò jẹ́ kí wọ́n mí kanlẹ̀, ìmí kúkúrú ni wọ́n ń mí. (Ẹ rí i? Télọ̀! Ẹ wọn àyà nígbà tẹ́ ẹ fa ìmí sínú, kì í ṣe nígbà tẹ́ ẹ mí síta.) Agbára tẹ́ ẹ ná yẹn, ooru ló ń dà, aṣọ sì ti dínà fún un. Bẹ́ẹ̀ ni, arábìnrin, ooru lè pààyàn nínú rẹ̀.

Nítorí náà: ọ̀gbọ̀ tàbí òwú, kì í ṣe pọ́líẹ́sítà tí kì í fa òógùn. Bí wọ́n bá ti ní ẹ sinmi, àṣíborí àti ìbọ̀wọ́ ló ń kọ́kọ́ kúrò. Ẹ mumi kí òùngbẹ tó gbẹ yín, kí iyọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ségesège, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ má bi í bóyá ó lè jà. Kódà bí òógùn bá ṣì ń jáde lára rẹ̀, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ pe dókítà. Torí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe fi okùn tí a fi ìda pa so irin mọ́ ẹ̀wù, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní England nígbà náà, kí sísọ́ọ̀sì wà lápò ẹni tó ń wọṣọ fún yín. Okùn ṣeé gé. Wáyà tí àwọn kan ń fi so ó kò ṣeé gé, mo sì ti sọ fún wọn.

Alága ń wo aago. Irin tó ní kábọ́ọ̀nù: ẹ fi iná sí i títí mágínẹ́ẹ̀tì ò ní mú un mọ́, ẹ tì í bọ inú epo, ẹ sì padà yan án díẹ̀ nínú iná tó rọlẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á fọ́ bí abọ́ tánganran. Ìbọ̀wọ́: ọwọ́ ló ń kán jù, ẹ má ṣahun níbẹ̀. Ẹ̀wù olóòrùka: wáyà mílímítà 1.6, ihò òrùka mílímítà 8, òrùka kan ń gba mẹ́rin, á gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún òrùka kó tó bo ọkùnrin kan. Ẹ bu sùúrù. Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ fi epo ẹ̀rọ nu irin kó má bàa dípẹtà, ẹ yí inú ẹ̀wù abẹ́ síta kẹ́ ẹ sá a lóru ọjọ́ náà gan-an. Bẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ nínú búùtù ọkọ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ̀yin àtẹni tó ń bá yín gun ọkọ̀ náà lẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe máa parí ẹ̀.