Bá A Ṣe Lè Kọ Ìtàn Àwọn Tó Kọ́kọ́ Fò Fáwọn Ọmọ Wa

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tíṣà wa. Ọ̀rọ̀ tí mo bá yín sọ n'Ílọrin nìyí, mo tẹ̀ ẹ́ síbí káwọn tí ò ráyè wá náà lè rí i kà.

Ọ̀pọ̀ ìwé tá à ń fún ọmọ nípa àwọn tó ṣe bàálù, bó ṣe máa ń lọ ni pé wọ́n bí wọn, orí wọn pé, wọ́n fò, gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Ọmọ á kà á tán, á rò pé idán ni wọ́n pa. Ó máa ń dùn mí, torí ibi tọ́wọ́ ti dọ̀tí lẹ́nu iṣẹ́ nínú ìtàn yẹn ló dùn jù, ibẹ̀ náà la sì máa ń yọ kúrò.

Ẹ wo Wilbur àti Orville Wright, tẹ̀gbọ́n tàbúrò tó kọ́kọ́ fi bàálù oníẹnjìnì fò. Àwọn méjèèjì ò gba ìwé ẹ̀rí sẹ́kọ́ńdírì, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń tà tí wọ́n sì ń tún ṣe ní Dayton, ní Ohio l'Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1899 páálí túùbù kẹ̀kẹ́ kan wà lọ́wọ́ Wilbur ní ṣọ́ọ̀bù, ló bá ń lọ́ ọ, ó wá rí i pé béèyàn bá lè lọ́ apá bàálù báyẹn, á lè darí ẹ̀ tí ò fi ní dojú dé. Èmi náà mú páálí gígùn kan wá, mo ṣí ẹnu ẹ̀ méjèèjì, mo ní kí ọmọbìnrin kan tó wà níwájú lọ́ ọ, ó lọ́ ọ tán ló pariwo pé, "Ẹ̀gbẹ́ kan gòkè, ìkejì sọ̀kalẹ̀!" Ẹnikẹ́ni ò tíì ṣàlàyé fún un o.

Nígbà tó di 1901 tí bàálù tí ò ní ẹnjìnì tí wọ́n ṣe ò gbéra bí wọ́n ṣe ṣírò ẹ̀, wọ́n padà sílé, wọ́n kan àpótí onígi kan, wọ́n fi fáànù fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀, wọ́n sì dán nǹkan bí 200 apá kéékèèké wò níbẹ̀. Irin tí wọ́n fi ń wọn bí atẹ́gùn ṣe ń gbé apá yẹn, ayùn irin tó ti gbó àti sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ṣe é! Ọmọ wo ní Kwara ni ò mọ sípóòkù? Charlie Taylor, mẹkáníìkì wọn, ló ṣe ẹnjìnì láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní December 17, 1903, ní Kitty Hawk, ní North Carolina, Orville fò fún ìṣẹ́jú àáyá 12 péré, ẹsẹ̀ bàtà 120, ìgbà kẹrin lọ́jọ́ yẹn Wilbur lo ìṣẹ́jú àáyá 59, lẹ́yìn ìyẹn ni atẹ́gùn gbé bàálù ọ̀hún dànù tó sì fọ́. Ẹ má yọ Katharine àbúrò wọn obìnrin náà kúrò jàre, tíṣà ni, òun ló fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ tọ́jú Orville nígbà tí bàálù já lulẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ lọ́dún 1908.

Bessie Coleman, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó di páílọ́ọ̀tì, òun ńkọ́? Ó já òwú lóko ní Texas, ó tún èékánná ṣe fún oníbàárà ní Chicago, wọn ò gbà á ní iléèwé páílọ́ọ̀tì kankan l'Amẹ́ríkà torí pé obìnrin aláwọ̀ dúdú ni, ló bá kọ́ èdè Faransé, ó kọjá sí Faransé, ó sì gba láísẹ́ǹsì ẹ̀ ní June 1921. Níbí n'Ílọrin kọ́lẹ́ẹ̀jì páílọ́ọ̀tì wà, ó yẹ káwọn ọmọbìnrin wa tó ń rí bàálù lójú ọ̀run mọ orúkọ ẹ̀.

Màmá kan wá bi mí pé ṣé ká sọ fọ́mọ kékeré pé Bessie kú nínú jàǹbá bàálù. Ẹ sọ ọ́ mà, ẹ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú: ní April 1926, ní Jacksonville, mẹkáníìkì ẹ̀ ló ń wa bàálù, Bessie ò de bẹ́líìtì torí ó fẹ́ yọjú wo ilẹ̀, bàálù dojú dé, Bessie já bọ́ látinú ẹ̀, ó sì kú, mẹkáníìkì ọ̀hún náà kú nígbà tí bàálù já lulẹ̀. Sípánà kan ni wọ́n rí tó há sáàárín ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń darí ẹ̀. Ọmọ á bèèrè pé ta ló gbàgbé sípánà síbẹ̀, ẹ jẹ́ kó bèèrè, kẹ́ ẹ wá sọ fún un pé àwọn tó ń tún bàálù ṣe lónìí gbọ́dọ̀ ka irinṣẹ́ wọn pé kí wọ́n tó pa ìdérí dé.