Ta Ló Di Òpó Tẹlifíṣọ̀n Mú? Ìròyìn àti Òṣèlú Ẹ̀yà ní Balkans

Ẹ wo pákẹ́ẹ̀tì sìgá yìí dáadáa. Bosnia ni wọ́n ti ń tà á, orílẹ̀-èdè kan ní Balkans, ní gúúsù ìlà-oòrùn Yúróòpù. Ìkìlọ̀ ara rẹ̀ ni pé sìgá ń pa èèyàn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì kọ ọ́, torí pé èdè ìjọba mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ti Bosnia, ti Croatia, ti Serbia. Àkọ́kọ́ kà báyìí: Pušenje ubija. Ìkejì: Pušenje ubija. Ìkẹta: Пушење убија. Gbólóhùn kan náà ni. Lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ìkẹta nìkan ló yàtọ̀. Èdè Oǹdó àti ti Ọ̀yọ́ jìnnà síra wọn ju báyìí lọ fíìfíì.

Àwọn èèyàn tó gbọ́ra wọn yé tó báyìí, báwo ni wọ́n ṣe dé ibi tí wọ́n ti ń para wọn? Àwọn òpìtàn á ka ọ̀pọ̀ ìdí sílẹ̀ fún yín. Ẹyọ kan ni èmi fẹ́ dì mú lónìí: ta ló ń sọ ìròyìn fún ta?

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọdún 1991. Nínú èèyàn 100 ní Bosnia, nǹkan bíi 44 ni Mùsùlùmí, àwọn tá a ń pè ní Bosniak lónìí. Nǹkan bíi 31 ni Serb, ọmọ ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì. Nǹkan bíi 17 ni Croat, àwọn Àgùdà. Wọ́n jọ ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan náà, wọ́n sì ń fẹ́ra wọn. Àmọ́ nínú ìbò ọdún 1990, ẹgbẹ́ òṣèlú mẹ́ta ló wọlé, ìkọ̀ọ̀kan wọn ló sì dúró fún ẹ̀yà tirẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn olóṣèlú wọ̀nyí fi nawọ́ sí ilé ìròyìn, wọ́n láwọn fẹ́ máa yan ọ̀gá síbẹ̀ fúnra wọn. Àwọn akọ̀ròyìn fara ya, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀, wọ́n sì borí.

Nígbà tí ilé ẹjọ́ ò gbà fún àwọn olóṣèlú, ìbọn gbà á. Lórí òkè Kozara, òpó kan wà tó ń gbé àwòrán tẹlifíṣọ̀n Sarajevo, olú ìlú Bosnia, kiri ìwọ̀-oòrùn àríwá Bosnia. Lọ́dún 1991, àwọn Serb tó gbé ìbọn lọ gba òpó náà, wọ́n sì yí i sí Belgrade, olú ìlú Serbia. Látọjọ́ náà, ẹni tó bá tan tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ní agbègbè yẹn, ohun tí ìjọba Milošević, ààrẹ Serbia, fẹ́ kó gbọ́ ló ń gbọ́. Ẹ ṣọ́ ọdún yẹn o: ogun Bosnia gan-an ò bẹ̀rẹ̀ àfi oṣù kẹrin ọdún 1992. Wọ́n ti gba òpó kí wọ́n tó gba ìlú.

Ilé ìròyìn kan wà ní Sarajevo tí wọn ò rí pín. Oslobođenje ni orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìtúsílẹ̀. Ọdún 1943 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí wọ́n ń bá àwọn ọmọ ogun Hitler jà. Bosniak, Serb, Croat, gbogbo wọn ló jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bí ogun sì ṣe dé, wọ́n ṣì jọ wà níbẹ̀. Ní Zvornik, àwọn jàǹdùkú Serb pa aṣojú wọn, Kjašif Smajlović, nínú ọ́fíìsì rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1992. Ní oṣù kẹfà, wọ́n da ọta bo ilé gogoro tí iléeṣẹ́ náà wà, ó sì jóná. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìwé ìròyìn jáde.

Abẹ́ ilé tó jóná yẹn ni wọ́n ti ń ṣe é, nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ́ sílẹ̀ de bọ́ǹbù. Ojú ọ̀nà tó lọ síbẹ̀, àwọn ayìnbọn ń ṣọ́ ọ, nítorí náà ẹni tó bá wọlé á wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí ẹlòmíì tó wá gbà á. Bébà wọ́n wọn, ojú ewé ń dín kù. Àwọn akọ̀ròyìn fúnra wọn gbé ìwé ìròyìn lọ tà lójú pópó. Àwọn ọmọ ogun Serb dó ti Sarajevo fún ọjọ́ 1,425, ìwé náà ò sì kú. Ilé Aṣòfin Yúróòpù fún wọn ní Ẹ̀bùn Sakharov, ti àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, lọ́dún 1993.

Wọn ò sì dá wà. Ìlà tẹlifóònù láàárín Serbia àti Croatia já, ni àwọn akọ̀ròyìn tó wà ní àwọn ìlú tó ń bára wọn jà bá dá ẹgbẹ́ AIM sílẹ̀ lọ́dún 1992, tí wọ́n ń fi ìròyìn ránṣẹ́ síra wọn gba Paris kọjá. Ní Split, ní Croatia, ìwé ìròyìn Feral Tribune so fọ́tò pọ̀ tó fi dà bíi pé Tuđman, ààrẹ Croatia, àti Milošević jọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Ìjọba bínú, ó bu owó orí ìwé ìhòòhò lé wọn. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á.

Ìpàdé àlàáfíà ní Dayton, ìlú kan ní Amẹ́ríkà, ló parí ogun lọ́dún 1995, ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ló tún so ẹ̀yà mọ́ ìjọba pinpin. Ààrẹ mẹ́ta ló jọ ń jókòó: Bosniak kan, Croat kan, Serb kan. Bó o bá jẹ́ Júù ńkọ́, tàbí Roma, ẹ̀yà kékeré míì níbẹ̀? O ò lè du ipò náà. Jakob Finci àti Dervo Sejdić pe ẹjọ́, Ilé Ẹjọ́ Yúróòpù tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sì dá wọn láre ní oṣù Kejìlá ọdún 2009. Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, òfin náà ò tíì yí.

Ẹ jẹ́ ká sọdá sí Kosovo, ilẹ̀ Balkans míì tí ẹ̀yà Albania ti pọ̀ ju Serb lọ, torí ibẹ̀ lẹ ti máa rí ohun tí ìròyìn tó ń gbè sẹ́yìn ẹ̀yà kan lè ṣe láàárín ọjọ́ méjì. Ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 2004, àwọn ọmọdé mẹ́ta, ẹ̀yà Albania, kó sínú odò Ibar, wọ́n kú. Lálẹ́ ọjọ́ náà, tẹlifíṣọ̀n gbé e jáde pé àwọn Serb ló dẹ ajá lé wọn tí wọ́n fi bẹ́ sódò. Ilẹ̀ mọ́, ìlú gbiná. Wọ́n ń sun ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Serb kiri. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Òótọ́ kúkú dé, àwọn olùṣèwádìí ò rí ẹ̀rí kankan pé ẹnikẹ́ni lé àwọn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n èèyàn 19 ti kú, Albania àti Serb.

Lónìí, ilé ìròyìn Kosovo 2.0 ń gbé ìròyìn kan náà jáde ní èdè Albania, èdè Serbia àti Gẹ̀ẹ́sì. N1, ilé tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2014, ní ọ́fíìsì ní Belgrade, Zagreb àti Sarajevo. Ọ̀rọ̀ owó ló ń dà wọ́n láàmú. Ilé ìròyìn ẹ̀yà kan ò ní wá onígbọ̀wọ́ tì, olóṣèlú ẹ̀yà náà wà níbẹ̀. Àwọn tó ń bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀, owó ilẹ̀ òkèèrè ni púpọ̀ nínú wọn gbójú lé, nígbà tí Amẹ́ríkà sì dá owó USAID, àjọ ìrànwọ́ rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè, dúró lọ́dún 2025, ó kàn wọ́n gan-an.

Ilé tẹlifíṣọ̀n ìjọba mẹ́ta ni Bosnia ní, bíi ti orí pákẹ́ẹ̀tì sìgá yẹn. Méjì jẹ́ ti apá ilẹ̀ méjèèjì tí Dayton pín. Ìkẹta, BHRT, ni ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Òun ni gbèsè ń lọ́ lọ́rùn.